Ata Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Orí àti èjìká Yìnyín wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ó fi ọwọ́ òsì gbé fáànù dúró, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún dé ìdè irin tó gbẹ̀yìn mọ́ pákó. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sínú ìkòkò ata tó wà nísàlẹ̀.

"Òógùn níyọ̀ o," ìyá rẹ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Má fi iyọ̀ sí ata mi kí n tó ká a."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tẹmómítà tó wà lójú ilẹ̀kùn."

Ìyá sún mọ́ ọn, ó fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ sórí imú. "Mọ́kàndínlógójì."

"Mọ́kàndínlógójì kẹ̀? Fáànù tuntun rèé, ó mà ń ṣiṣẹ́!"

"Mo gbọ́ ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná tó báyìí, mi ò ní dúró máa gbọ́ ariwo. Màá ti bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀."

Yìnyín fà sẹ́yìn, ó nà ró, ó ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi apá nu ojú. Yìnyín kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò ló fún un, nítorí pé láti ọdún méjìlélógún tó ti ń tún fíríìjì ṣe, bó bá ti wọ ilé kan, kì í jáde títí omi yóò fi dì nínú fíríìjì ibẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ooru inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí fi ń bí i nínú ju bó ṣe yẹ lọ: ẹni tí wọ́n ń pè ní Yìnyín kò lè mú kí àpótí kan ṣoṣo tutù ní yàrá ìyá rẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀, tí kò lè rìn dé oko kékeré tó ní mọ́, ó gbé oko wá sínú yàrá. Ó kó àwọn aṣọ rẹ̀ sínú àpótí méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìkòkò amọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n fi iná kọ́ sókè ibẹ̀. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri ilé kejì, oòrùn kì í yọjú síbẹ̀, nítorí náà iná yẹn ni oòrùn wọn.

Irú ata kan ṣoṣo ló ń gbìn. Ó rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ bí pupa inú ẹyin, ó ta díẹ̀, ó sì ń rùn dáadáa nínú ọbẹ̀. Obìnrin kan tó gbẹ̀bí fún ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ló fún un ní ẹyọ mẹ́ta, kò sì tún rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dọọdún ni Màmá ń sá hóró rẹ̀, tó ń kó o sínú àpò ìwé. Ọdún tó kọjá tí orúnkún dá a jókòó, kò gbin nǹkan kan. Lọ́dún yìí, hóró méjìléláàádọ́ta ló bá nínú àpò ìwé. Ogún àkọ́kọ́ hù, wọ́n rọ, wọ́n kú. Ogún kejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Màmá gbin méjìlá tó kù, mẹ́jọ hù. Mẹ́jọ náà ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lónìí, tí ewé wọn ti ń wo ilẹ̀. Bí àwọn yìí bá kú, ata náà parí nìyẹn. Kò sí ọjà tí wọ́n ti lè rà á, kò sí ẹni tí wọ́n lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí jáde lówùúrọ̀ náà. Kò sídìí láti sọ ọ́, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ẹ̀gbọ́n Yìnyín ọkùnrin wọlé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lọ́rùn. Káfíńtà ni, Káfíńtà náà ni wọ́n sì ń pè é. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù náà fún ìyá wọn. Bó bá sì ń sọ ọ́, á ní òun kò kàn án, òun hun ún ni, nítorí kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Yìnyín, mo ti ń gbóòórùn ata láti ìsàlẹ̀. Ṣé o ti sè é tán?"

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Mo ń bi ọ́ ni. Àwọn ẹlòmíì máa ń gbìn ín, wọ́n á ká a, wọ́n á wá sè é. Ìwọ ń sè é nínú ìkòkò tó ti hù."

"Pákó yín ni kò jẹ́ kí ooru jáde. Ó nípọn bí ògiri. Bó bá jẹ́ irin ni—"

"Bó bá jẹ́ irin ni, yíyan lò bá máa yan án."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Yìnyín náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹmómítà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí Yìnyín mọ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ló ti ṣe. Nígbà tí ogún àkọ́kọ́ ń kú, ó tọrọ àyè láti lu ihò kan sókè lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, fún fáànù tí yóò máa fa ooru jáde. Káfíńtà fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó kó tó gbà, ó sì ní ihò kan náà ni, kò gbọdọ̀ di méjì. Yìnyín fi fáànù kékeré sí i. Kò ràn án. Ó fi èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ sí i. Kò ràn án. Ẹ̀kẹta ló ń dé ìdè rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó tóbi tó orí ọpọ́n, ó sì ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tó bá pààrọ̀ ohun kan nígbà mẹ́ta láìwádìí ohun tó ṣe é, kì í ṣe irinṣẹ́ nìkan ló ń fi ṣòfò, ó ń fi làákàyè ṣòfò pẹ̀lú.

Ohun kan sì wà tó fi yangàn nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi iná kọ́ ló ti fi rọ́bà yí ẹnu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà ká, irú rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ẹnu fíríìjì. Tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn ọ̀hún, ó ń dún fùú, eèrà kò sì lè rí ibi wọlé.

"Ẹ wo bó ṣe dì!" ni ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Èémí kò lè gbabẹ̀ kọjá."

Kò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé lòun ń sọ.

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin méjèèjì," Màmá sọ. Ó ti dìde. Ó ń tú inú dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Káfíńtà, bá mi gbé kọ́bọ́ọ̀dù yìí kúrò lára ògiri. Díẹ̀ ni. Rọra o, àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀."

"Kí lẹ ń wá, Màmá?"

"Òwú."

Ó fa òwú bíńtín yọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun àgùntàn, ó fi ìka méjì dì í mú. "Bí ọmọ tuntun bá délé ayé tí kò ké, òwú la máa ń gbé síwájú ihò imú rẹ̀. Bí òwú bá mì, ọmọ ń mí. Bí kò bá mì, ìyẹn ni pé iṣẹ́ dé."

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé òwú náà síwájú ihò tí fáànù fi ń da ooru jáde. Fáànù ń ké wìì. Òwú dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń tòògbé, ó sì tún dúró.

Màmá yí padà. "Ọmọ tó bá ń ké, ó ń mí, mo mọ ìyẹn dáadáa. Irú ọmọ wo rèé tó ń ké tí kò mí?"

Yìnyín na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fà á ṣí. Ohùn fáànù yí padà lójú ẹsẹ̀, ó rọlẹ̀, ó di ohùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Òwú fò kúrò lọ́wọ́ Màmá, ó ràbàbà lójú afẹ́fẹ́, ó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n Káfíńtà.

"Ẹ̀hẹ̀n! Èyí ń mí," Màmá sọ.

Yìnyín ti ilẹ̀kùn. Fùú. Wọ́n tún fi òwú míì sí i: kò mì. Ó ṣí i: òwú fò lọ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yé e láti ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó di orí mú.

"Èmi ni," ó sọ.

"Kí lo wí?" Káfíńtà bi í.

"Mo ní èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pákó yín. Rọ́bà mi ni."

"Tún un wí. Ariwo ayùn ti ba etí mi ọ̀tún jẹ́."

"Ẹ yí ti òsì sí mi nígbà náà. Rọ́bà mi ni! Ìta ni ooru ti ń bá fíríìjì, ìdí nìyẹn tí a fi ń dé e pinpin. Inú ni ooru èyí wà. Mo gbé oòrùn kọ́ sókè àpótí, mo wá fi rọ́bà dí i pa. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kò sì síbi tí òmíràn ń gbà wọlé. Kí ni yóò wá fà? Ìgbà mẹ́ta ni mo pààrọ̀ fáànù!"

Káfíńtà ti la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí ojú rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ogójì hóró ló ti lọ, àwọn méjèèjì ló sì mọ ọwọ́ tí wọ́n bá lọ.

Màmá ló sọ̀rọ̀. "Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe mú tó tí yóò gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Dìde. Ẹni tó bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláboyún, ta ló ń gba ọmọ?"

"Ṣé ká kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni?" Káfíńtà dábàá.

"Inú yàrá tí mo ń sùn? Iná yẹn mọ́lẹ̀ bíi ti yàrá ìbímọ. Mo ti fi ogójì ọdún sùn nínú ìmọ́lẹ̀, ó tó gẹ́ẹ́."

Yìnyín dìde. Wọ́n fara balẹ̀ gbé àwọn ìkòkò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, Màmá bu omi díẹ̀díẹ̀ sí wọn. Ìbínú ni Yìnyín fi kọjú sí rọ́bà. Ó fà á yọ láti òkè délẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ó jù ú sí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó tan iná àti fáànù, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n dúró wò ó. Tẹmómítà sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n dúró sí i. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló jókòó sí.

"Ó kù díẹ̀ káàtó," Màmá sọ.

Yìnyín gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rìn lẹ́nu ilẹ̀kùn, láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, nítòsí fáànù, àlàfo ilẹ̀kùn fa òwú mọ́ra gbàgbà. Ní àárín, ó rọra mì. Nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ata ń jókòó, kò mì rárá.

"Ẹ wò ó! Afẹ́fẹ́ kì í rin ìrìn gígùn bó bá rí ọ̀nà àbùjá. Òkè ló ń gbà wọlé, òkè náà ló ń gbà jáde. Kò dé ọ̀dọ̀ ata rí."

"Kí wá la ó ṣe?" Káfíńtà béèrè, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Ojú rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí pákó ẹ̀gbẹ́ ti wọ inú pákó ìsàlẹ̀ bí ìka nínú ìka. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni ibẹ̀ yẹn nìkan.

"Màá dá rọ́bà padà sókè títí dé àárín. A ó wá lu ihò sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù gba ibẹ̀ wọlé, kó gba àárín ata kọjá, kó tó dé òkè." Yìnyín rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ní kò gbọdọ̀ di méjì."

"Báwo ló ṣe máa tóbi tó?"

"Ìlọ́po méjì ẹnu fáànù."

"Ìlọ́po méjì!"

"Fáànù ń fipá ti afẹ́fẹ́ jáde. Èyí tó ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń tì í. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó má baà ṣòro fún un."

Káfíńtà wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo àwọn ata lórí tábìlì, tí ọ̀kan nínú wọn ti fi ewé kan ilẹ̀ ìkòkò. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò.

"Gbé ẹ̀rọ ìluhò yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bó o bá lù ú, yóò dà bí iṣẹ́ eku. Màmá, ẹ fún mi ní pẹ́ńsù."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó wọn apá ọ̀tún, ó wọn apá òsì, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà. Kò lu ihò roboto. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló lò, ó la pákó ní ìlà mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó wá gé pákó pẹlẹbẹ kéékèèké, ó fi wọ́n sáàárín àwọn ìlà náà lọ́nà tí wọ́n fi dà gẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé, iná kò sì lè gba ibẹ̀ yọ sójú ẹni tó ń sùn. Bó ṣe ń ṣe é, ó ń fi imú kọrin jẹ́jẹ́.

Yìnyín kò dúró wò ó. Ó ti fọwọ́ kan àpótí kékeré tó ń fún iná náà lágbára, èyí tí wọ́n so mọ́ òkè nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fa ìka rẹ̀ yọ kíá.

"Ààrò kékeré ni ká máa pe èyí! Ata ò nílò rẹ̀ nítòsí." Ó tú u, ó fa wáyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níta. Ó so ọ̀pá rọ́bà ńlá mọ́ ẹ̀yìn ihò òkè, ó gbé ẹnu rẹ̀ jáde lójú fèrèsé, nítorí ooru tí a bá dà sínú yàrá, inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni yóò padà sí. Ó dá rọ́bà padà sẹ́nu ilẹ̀kùn láti òkè dé àárín. Lẹ́yìn èyí ló wá gbé fáànù ńlá tó fi òwúrọ̀ dé ìdè rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dá èyí àkọ́kọ́, tó kéré jù, padà sáyè rẹ̀.

"Èyí tí kò ràn án nígbà àkọ́kọ́?" Màmá bi í.

"Kò ṣẹ̀, Màmá. Ẹni tí mo dí nímú, mo ní ó ń ṣọ̀lẹ."

Ó fi fáànù kejì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí i sí pẹ̀lẹ́ kó lè máa fẹ́ ewé jẹ́jẹ́. Káfíńtà parí ìlà tó gbẹ̀yìn, ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò, ó fi ìka tọ́ ọ wò bóyá ó ń ha ọwọ́. Kò ha ọwọ́.

Wọ́n kó ìkòkò padà sínú. Yìnyín tan iná, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá fi òwú sí ẹnu ihò ìsàlẹ̀, ihò sì fà á mọ́ pákó bí ọmọ tó rí ọmú.

"Ó ń mí o!"

Tẹmómítà ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Káfíńtà ní kí wọ́n má wò ó, pé ohun tí a bá ń wò kì í yá. Ó sì ń wò ó. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Màmá bu omi tútù fún àwọn méjèèjì, wọ́n mu ún ní ìdúró. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó dúró. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Kò kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí kan, Màmá ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìka orúnkún sí. Ó kà wọ́n pẹ̀lú ìka. Méje ti gbé ewé sókè. Ìkẹjọ ti gbẹ nídìí. Ó fà á tu, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Méje," ó sọ. "Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta rí."

Káfíńtà rìn yí kọ́bọ́ọ̀dù ká. "Màmá, ẹ sọ òótọ́. Ṣé mo bà á jẹ́?"

"Tẹ́lẹ̀, ó dà bí àpótí. Báyìí, ó dà bí ilé tó ní fèrèsé."

"Yìnyín, o gbọ́? Ilé ni mo kọ́."

"Mo gbọ́, bàbá onílé. Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà kó irinṣẹ́ mi nínú ilé yín."

Fóònù rẹ̀ dún bó ṣe ń ká wáyà. Alápatà tó wà ní ìkángun òpópónà ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: fíríìsà ti dákẹ́ láti àárọ̀, ẹran sì kún inú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ògiri?" Yìnyín bi í.

"Ó wà lára ògiri dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í wọ kọ̀rọ̀ lánàá ni, kí àyè lè wà."

"Ẹ fà á jáde. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ o. Mò ń bọ̀."

Ó fi fáànù ńlá sábẹ́ apá, nítorí yóò wúlò fún ẹlòmíì, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Màmá kò gbé ojú kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ó dàbọ̀, Màmá. Bó bá kọjá méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ pè mí."

"Kò ní kọjá. Máa lọ, ẹran ń dúró dè ọ́."

Yìnyín kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní méjì méjì.